Kẹ́hìndé Ilé Ta Ni? Orúkọ Àjọjẹ́ àti Ìtàn Àwọn Obìnrin Ọlọ́lá

Ẹni tó bá dúró láàárín èrò ní Igbó-Ọrà tó ké pe "Kẹ́hìndé!", ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dá a lóhùn: ọkùnrin àti obìnrin, arúgbó àti ọmọ ilé-ìwé, ọmọ ààfin àti ọmọ àgbẹ̀. Ohun tí wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé, "Kẹ́hìndé ilé ta ni?" Ìbéèrè yìí, tí ará ìlú kankan kì í gbàgbé láti béèrè, ni àwọn tó ń kọ ìtàn sábà máa ń fò. Bí wọ́n bá ti rí orúkọ obìnrin kan nínú ìwé àtijọ́, wọ́n á gbà pé ọwọ́ àwọn ti tẹ obìnrin náà. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ dá orúkọ lẹ́bi, wọ́n á ní bí orúkọ kan bá ti kárí ìlú, kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó ṣe kiní kan yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe é. Èrò tèmi yàtọ̀. Orúkọ àjọjẹ́ kọ́ ló ń pa ìtàn àwọn obìnrin wa rẹ́. Àwọn tó ṣáájú wa mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ̀rún Kẹ́hìndé mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gígé tí a gé orúkọ náà kúrò lára oríkì, orílẹ̀ àti agboolé tí wọ́n jọ ń rìn, tí a sì kọ kùkùté tó ṣẹ́ kù sínú ìwé, ni ó ṣe jàǹbá.

Ìbàràpá méje ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí Igbó-Ọrà wà: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ń to àwọn ẹkùn ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ sínú ìwé ìtàn tó parí ní 1897, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, abẹ́ Ẹkùn Ọ̀tún ló kó Èrúwà àti Ìbẹ̀rẹ̀kodó sí, ó sì ya àwọn ará Ìbàràpá tó wà ní ìhà gúúsù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ará Òkè-Ògùn tó wà ní àríwá wọn. Ìbẹ̀rẹ̀kodó ti di ara Igbó-Ọrà báyìí. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo agbègbè náà, àmọ́ ìbejì ló gbé òkìkí rẹ̀ dé òkèèrè. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa ìbímọ ní ìhà ibí, ó sì rí i pé ìbejì tó bí 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ, iye tó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Àwọn kan ní iṣu ló fà á, àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ni, àwọn mìíràn sì ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran. Èyí tó wù kó jẹ́, ohun tó ṣe sí orúkọ ló kàn wá níbí. Ìbímọ ìbejì kọ̀ọ̀kan ń fi Táíwò kan àti Kẹ́hìndé kan kún ìlú. Ìdòwú yóò tẹ̀lé wọn, Àlàbá yóò tẹ̀lé Ìdòwú. Ibi tí àwọn ìbejì bá ti pọ̀ tó báyìí, ìdá ńlá nínú àwọn ará ìlú ni yóò máa jẹ́ orúkọ mẹ́rin péré.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún orúkọ àbísọ, ṣùgbọ́n orúkọ amútọ̀runwá kì í wo ilé ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ṣe gbà wáyé nìkan ló ń wò: ó jẹ́ ìbejì ni, ó tẹ̀lé ìbejì ni, ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn ni, tàbí irun orí rẹ̀ ló ta kókó. Nítorí náà, orúkọ tí ọmọ ọba ń jẹ́ ni ọmọ ìwọ̀fà rẹ̀ náà ń jẹ́. Táíwò àti Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni ẹni náà tàbí obìnrin. Ìtàn ilẹ̀ Oǹdó fi yé wa pé ìgbà kan wà tí ààfin kò fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí rárá. Wọ́n ní Púpùpù, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì tí olorì Aláàfin kan bí, àti pé èèwọ̀ ìbejì yìí ló lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tí èèwọ̀ náà yí padà di ìkẹ́, tó fi jẹ́ pé a ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú nínú wọn tí a sì ń tọ́jú ère náà bí ọmọ, orúkọ méjèèjì ráàyè wọ gbogbo ilé, ti olówó àti ti tálákà. Kò sí ìdílé tó lè ní òun ló ni Kẹ́hìndé.

Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù náà ní orúkọ àjọjẹ́, àmọ́ tiwọn jẹ́ ogún ìdílé. Elizabeth, ọmọ ọba Hungary, kú ní 1231 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 24. Ní 1235 Póòpù kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí ìdílé ọba Aragon ní 1271, orúkọ Elizabeth yìí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá ọmọ náà, ni wọ́n fún un. Ọmọ náà di ayaba Pọtogí, ìjọ sì ka òun náà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1625. Orúkọ kan náà mú ẹ̀jẹ̀ ọba, ìbùkún ìjọ àti ìrántí ẹni tó ti lọ dání. Ó níye lórí débi pé a lè torí rẹ̀ pààrọ̀ orúkọ tí ẹnìkan ti ń jẹ́. Edith ni wọ́n sọ ọmọ ọba Scotland kan, ṣùgbọ́n nígbà tí Henry Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe aya ní 1100, Matilda ni ó ń jẹ́ láàfin, orúkọ ìyá ọba gan-an. Ní 1548, nígbà tí wọ́n gbé Mary, ọmọdébìnrin tó jẹ́ ọba Scotland, lọ sí ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọbìnrin ọlọ́lá mẹ́rin ló bá a lọ láti máa ṣe ẹmẹ̀wà rẹ̀: Beaton, Seton, Fleming àti Livingston. Mary ni orúkọ gbogbo wọn.

Ẹ wo ohun tí irú àṣà yìí lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 1141, ogun orí ìtẹ́ gbóná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Matilda ọmọ Henry ló ń du ìtẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́ Stephen lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mú Stephen ní Lincoln, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Ẹni tó kó ogun dìde láti gba Stephen sílẹ̀ ni aya rẹ̀, Matilda ti Boulogne. Matilda kejì yìí lé Matilda kìíní kúrò ní London, títí ó fi rí ọkọ rẹ̀ gbà padà nípa pàṣípààrọ̀ òǹdè. Ọmọ ìyá kan náà sì ni ìyá àwọn obìnrin méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ni Edith tó di Matilda lẹ́ẹ̀kan. Òǹkàwé tó bá ní orúkọ nìkan lọ́wọ́ yóò rò pé obìnrin kan náà ló mú ọba tó tún tú u sílẹ̀. Ohun tó gba àwọn òǹkọ̀wé ìtàn wọn ni pé wọn kò fi Matilda sílẹ̀ lásán. Wọ́n so ìlú mọ́ àwọn kan, ti Flanders, ti Scotland, ti Boulogne; wọ́n so oyè mọ́ èyí tó ti fẹ́ olú-ọba Jámánì rí. Ìtàn àwọn Matilda wọ̀nyí yè nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ béèrè Matilda ilé ta ni, ó sì ṣeé ṣe fún wọn nítorí pé orúkọ ilé bàbá obìnrin ọlọ́lá wà nínú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó.

Ní tiwa, a kì í fi orúkọ ìyá àgbà sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá wáyé lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni a ó sọ ọ́. A gbà pé ìyá náà ló padà wá, síbẹ̀ a kò fún ọmọ ní orúkọ tí ìyá náà jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ìdí kan ni pé orúkọ àgbà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń já gbà lẹ́nu. Ìyá ilé kò ní máa fi orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí. Nítorí bẹ́ẹ̀, Yétúndé ọ̀kẹ́ àìmọye ló wà tí ìyá àgbà wọn kò jẹ́ orúkọ kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ìbàràpá àti ààfin Aragon hàn gbangba níhìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ àjọjẹ́ ń sọ ẹ̀jẹ̀ tí ẹni náà ti wá, ó kàn ń ṣòro láti mọ èwo ni nínú wọn ni. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ àjọjẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe bí ọmọ tàbí àsìkò tó wáyé ló ń sọ. Iṣẹ́ pé kí a mọ ìran ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn nǹkan mìíràn tí a ń pè mọ́ orúkọ náà.

Johnson ṣe àlàyé àwọn nǹkan mìíràn wọ̀nyí fínnífínní. Lẹ́yìn amútọ̀runwá àti àbísọ, ó ní ọmọ tún ń gba oríkì, ti ọkùnrin a máa fi akin hàn, ti obìnrin a máa fi ìkẹ́ hàn: Àkànní, Àjàní tàbí Àlàó fún ọkùnrin; Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀ní tàbí Àyọ̀ká fún obìnrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orílẹ̀, bí Èrin, Òpó, Ìkòyí, Ògún, tó ń fi orísun ìran hàn. Johnson sì tẹnu mọ́ ọn pé obìnrin tó lọ sílé ọkọ kì í gba orílẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ti bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí ayé. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ àjọjẹ́: Àjọkẹ́ pọ̀, àwọn ọmọ Ìkòyí kò lóǹkà, agboolé kan sì lè ní ọgọ́rùn-ún èrò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé sọ bí a ṣe bí i, Àjọkẹ́ sọ pé obìnrin ni, Ìkòyí sọ ìran bàbá rẹ̀, agboolé sọ àdúgbò rẹ̀ nínú ìlú. Ẹni tó ní gbogbo wọn pa pọ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ìlú tí orúkọ mẹ́rin ti gbòde kan kò gbọ́dọ̀ má ní irú ètò yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogún, gbèsè àti ìgbéyàwó yóò dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mo ń wí ni pé Yorùbá náà ní orúkọ tó jẹ́ ti ìdílé. Ilé ọba ló ni Adé, ilé onílù ló ni Àyàn, ilé ọdẹ ló ni Ọdẹ́, àwọn olóòṣà funfun ló ni Ẹfún. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdajì orúkọ ni ìdílé ń ní, kì í ṣe odidi, ìdajì náà kò sì tó láti fi dá ènìyàn mọ̀. Àwọn obìnrin méjì tó lókìkí jù lọ nínú òṣèlú ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1850 sí 1890 ni wọ́n jọ jẹ́ Ẹfún. Ẹfúnṣetán jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn. Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún kan náà. Ẹfúnróyè ni wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó ran Abẹ́òkúta lọ́wọ́ nínú ogun Dàhọ́mì ti 1864, tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá, tó sì kú ní 1887. Àwọn méjèèjì jẹ́ Ìyálóde, àwọn méjèèjì jẹ́ oníṣòwò ńlá, àwọn méjèèjì ní ẹrú àti ohun ìjà, ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni orírun àwọn méjèèjì. Àlejò tó bá kọ "Ìyálóde Ẹfún" sílẹ̀ yóò so ìtàn wọn pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí Yorùbá tó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó lẹ̀ mọ́ orúkọ kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀: ọ̀kan ni Aníwúrà, èkejì ni Tinúbú. Àfikún yìí ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ wọ́n títí dòní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò orúkọ fúnra rẹ̀.

Oyè náà jẹ́ orúkọ àjọjẹ́, ó sì lè gbé ẹni tó jẹ ẹ́ mì pátápátá. Johnson dárúkọ àwọn obìnrin olóyè mẹ́jọ tó ga jù ní ààfin Ọ̀yọ́, lára wọn ni Ìyá Ọba, Ìyá Kéré, Ìyá Nàsó àti Ìyá Mọnàrí. Ìyá Ọba kì í ṣe ìyá tó bí Aláàfin. Obìnrin tí wọ́n yàn sí ipò náà ni, ipò yìí sì lágbára gan-an nínú ìṣàkóso Ọ̀yọ́. Ìyá Nàsó ló ń bójú tó ojúbọ Ṣàngó ti ọba. Láti ìgbà dé ìgbà, obìnrin kan á kú, òmíràn á gba oyè rẹ̀, a ó sì máa sọ pé "Ìyá Nàsó ṣe báyìí" bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ló wà láyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyè yìí la òkun kọjá pẹ̀lú àwọn tí a kó lẹ́rú. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tó dàgbà jù lọ ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká di òní. Fún ìgbà pípẹ́, oyè náà nìkan ni ayé mọ̀. Àwọn olùwádìí tó tú ìwé ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìrìnnà palẹ̀ ló wá fi hàn pé obìnrin tó jẹ́ Ìyá Nàsó níbẹ̀ ni Francisca da Silva, ẹrú tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní 1835, tó sì padà sí etíkun Áfíríkà ní 1837. Francisca da Silva gan-an kò lè dá a fi hàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bahia. Sísopọ̀ oyè, orúkọ ìrìbọmi, ọmọ àti ọjọ́ ìrìnnà ló mú un jáde kúrò nínú òkùnkùn.

Ẹ̀rí tó wọ mí lára jù ni ti Àìná. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ́mì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn. Lára àwọn tí wọ́n kó lọ ni ọmọbìnrin kékeré kan tí Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gbà lọ́wọ́ Ọba Gezo ní 1850, tó sì mú lọ bá Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes jẹ́ orúkọ ọ̀gá náà, Bonetta jẹ́ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní 1862, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní 1880. Lónìí a ń pè é ní Ọmọba Àìná. Ṣùgbọ́n kí ni Àìná sọ fún wa? Ó sọ pé obìnrin ni àti pé ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i. Gbogbo Àìná tó wà ní Òkè-Ọ̀dàn, ní Èrúwà àti ní Ìbàdàn ló ní ìtàn ìbí kan náà. Forbes, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1851, fi òye gbé e pé ọmọ ọlọ́lá ni, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ààfin Dàhọ́mì sábà ń dá sí fún ìrúbọ ńlá. Kò kọ oríkì rẹ̀, kò kọ orílẹ̀ rẹ̀, kò kọ agboolé bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ti tó ọdún márùn-ún nílẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré ni ì bá dá a padà sínú ìran rẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè. Nígbà tí òun náà bí ọmọbìnrin ní 1863, Victoria ló sọ ọ́, orúkọ ọbabìnrin tó ṣe ìyá ìrìbọmi ọmọ náà. Ọmọ yìí gba orúkọ lọ́nà àwọn ọlọ́lá Yúróòpù, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ sì lè mọ ibi tó ti wá. Ìyá rẹ̀ ló ṣòro láti mọ ìran rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé Àìná pọ̀, bí kò ṣe nítorí pé Àìná nìkan ni wọ́n jẹ́ kó kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àìná lójú ogun ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù ní wọ́ọ́rọ́wọ́ nípasẹ̀ ìwé. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé-ìwé àti ìwé ọ́fíìsì ń béèrè orúkọ àti orúkọ bàbá, kò sí àyè fún oríkì. Orúkọ tí bàbá ń jẹ́ fúnra rẹ̀ wá di orúkọ ìdílé. Báyìí ni Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Òjó àti Àìná ṣe di orúkọ àwọn ẹbí tí kò bá ara wọn tan rárá. Nínú ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà, "Táíwò Kẹ́hìndé" lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó lè jẹ́ ọmọ Táíwò tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé, ó sì lè jẹ́ ọmọ Kẹ́hìndé tó ń jẹ́ Táíwò. Ọkùnrin pàdánù nínú ètò yìí, àmọ́ obìnrin pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé nígbà tó bá lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ tó kù náà yóò tún kúrò, ti ọkọ rẹ̀ yóò rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí Johnson ní ó ń jẹ́ orílẹ̀ bàbá rẹ̀ títí ayé wá di ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìtàn ilé tí kò ti wá.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé àṣà wa fúnra rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún orúkọ obìnrin tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe àwa là ń pe ìyàwó ní Ìyá Táyé, Ìyá Ìbejì tàbí Ìyàwó Àkànní, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ inú agboolé lè dàgbà láìmọ orúkọ tó ń jẹ́? Ọ̀rọ̀ náà nípọn, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni. Nílé ọkọ, orúkọ obìnrin a máa farapamọ́. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ kọ́ ni ibùdó rẹ̀ kan ṣoṣo. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọ-oṣú ni. Níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, òun àti àwọn ọmọ-oṣú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń padà wálé láti ki ìran wọn. Iṣẹ́ tí Karin Barber ṣe ní Òkukù, tó tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn obìnrin gan-an ni wọ́n mú oríkì dání jù, tí wọ́n sì ń fi í so òkú mọ́ alààyè. Ìpamọ́ orúkọ nílé ọkọ kò ṣe jàǹbá níwọ̀n ìgbà tí ilé kejì ń sọ ọ́ síta. Ìgbà tí ìwé gba ipò ilé kejì, tí ìwé náà kò sì mọ oríkì, ni ìpamọ́ di ìparẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní oríkì kì í ṣe ìtàn: ó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, ó ń fi iyì ẹnìkan wọ ẹlòmíràn, akígbe sì lè sọ ohun tí yóò fi gba owó. Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi oríkì mọ iye ogun tí bàbá ńlá kan ṣẹ́. Ohun tí mo ní kí a fi í ṣe kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dájú jù ú lọ: kí a fi í mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Àwọn tó kọ ìtàn ogun 1141 náà ṣègbè, olúkúlùkù gbè sẹ́yìn Matilda tirẹ̀. Síbẹ̀ ìwé wọn wúlò nítorí pé a mọ Matilda tí olúkúlùkù ń yìn àti èyí tó ń bú. Àsọdùn ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn ẹni tí a mọ̀. Ìtàn tí a kò mọ ẹni tó ni ín, kódà bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, kò ní ibi tí a ó gbé e sí.

Igbó-Ọrà ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Láti 2018 ni ìlú náà ti ń ṣe ọdún ìbejì, tí àwọn àlejò láti òkè òkun ń wá ya àwòrán àwọn ọmọ tó wọ aṣọ kan náà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní agbègbè Ìbàràpá, ìdí nìyí tí a fi mọ iye ìbejì tí wọ́n ń bí níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ. A ti ka orí wọn dáadáa. Ohun tó kù ni kí a kọ ẹni tí wọ́n jẹ́: kí ìwé orúkọ ọdún ìbejì, ìwé ìsìnkú àwọn ìyá àgbà àti ìtàn àwọn Ìyálóde ìlú méjèèje ní àyè fún oríkì àdájẹ́, orílẹ̀ bàbá àti agboolé, yálà obìnrin náà ti lọ sílé ọkọ tàbí kò tíì lọ. Ìlà mẹ́ta péré ni yóò gbà nínú ìwé. Bí a bá kọ wọ́n, Kẹ́hìndé lè pọ̀ bó ti wù kó pọ̀, òǹkọ̀wé ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò lè yọ ọ̀kan jáde láàárín wọn. Bí a kò bá sì kọ wọ́n, a kò lè dá orúkọ lẹ́bi. Àwa tó ní bírò lọ́wọ́ tí a kò béèrè ilé tó ti wá ni a jẹ̀bi.